Ẹ̀yin Tí Kọ́kọ́rọ́ Ibi Ìtàn Wà Lọ́wọ́ Yín, Àwọn Ọmọ Wa Wà Lẹ́nu Ọ̀nà

Sí gbogbo ẹ̀yin aláṣẹ tí ìtọ́jú ibi ìtàn àti ibi ìgbafẹ́ wà ní ìkáwọ́ yín nílẹ̀ Yorùbá, ẹ̀yin ti ìjọba ìbílẹ̀, ti ìpínlẹ̀, ti àpapọ̀, àti ẹ̀yin ìjòyè àti olórí ẹbí gbogbo.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín kò rọrùn, kò sì ní yà mí lẹ́nu bí ẹlòmíràn nínú yín bá ń fi owó àpò ara rẹ̀ ra ìgbálẹ̀ tó fi ń gbá ibi iṣẹ́.

Èmi kì í ṣe akọ̀ròyìn, n kì í sì í ṣe olóṣèlú. Aṣọ ni mò ń tà ní Ìbàdàn. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta èmi àti ọkọ mi lọ́rẹ: àkọ́bí jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún 9; èkejì jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 6; àbíkẹ́yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 2, ẹ̀yìn mi ló ṣì ń gbé. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tó kọjá, a kó wọn lọ sí Ilé-Ifẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò náà ni mo gbé wá síwájú yín.

Mo ti fẹ́ pa á mọ́ra. Àmọ́ nígbà tí a padà délé, ọmọ alájọgbé wa bi ọmọ mi obìnrin pé báwo ni Ifẹ̀ ṣe rí. Ó ní, "Ifẹ̀ dáa, àmọ́ àwọn àgbà ni wọ́n ṣe é fún." Bó ṣe sọ ọ́ tán ló bá eré rẹ̀ lọ. Èmi kò lè bá tèmi lọ. Ìlú tí gbogbo wa ń pè ní orírun, tí a ń kì ní ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, báwo ni ọmọ ọdún mẹ́fà ṣe dé ibẹ̀ tó sì padà wálé bí àlejò?

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n la ohun kan yé yín. Ibi tí a dé láàárín ọjọ́ mẹ́ta náà pọ̀. N kò ní dárúkọ ibi tí nǹkan ti kù díẹ̀ káàtó, nítorí n kò kọ lẹ́tà yìí kí wọ́n lè dá ẹnikẹ́ni dúró lẹ́nu iṣẹ́. A sì ti kó àwọn ọmọ lọ sí ìlú mìíràn rí, ohun kan náà ni ojú wa rí níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá kàn yóò mọ ara rẹ̀.

Ibi tó dùn ni n óò ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ má baà rò pé ìjà ni mo gbé wá.

Adùn náà ti bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà. A ra dòdò Ìkirè ní Ìkirè, àwọn ọmọ sì jẹ ẹ́ títí ọwọ́ wọn fi ń yọ̀ fún epo. Nígbà tí a dé ìdí Ọ̀pá Ọ̀rányàn, àkọ́bí mi dákẹ́ jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ ìdákẹ́ kì í ṣe ìwà rẹ̀. Òkúta kan ṣoṣo ló dúró gbọnrangandan níwájú rẹ̀, ó ga ju mítà 5 lọ, wọ́n sì kan ìṣó irin mọ́ ọn lára. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìṣó náà. Ó kà á dé 41, ó ṣì í kà, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi: "Màmá, báwo ni wọ́n ṣe kan ìṣó mọ́ òkúta tí òkúta ò fọ́?" Mo ní n kò mọ̀. Inú mi sì dùn pé n kò mọ̀, nítorí ìbéèrè yẹn ló ń dá rò títí tó fi sùn.

Ní ti èkejì, àpáàdì ló gba ọkàn rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ ilẹ̀ àtijọ́ tí àwọn ará Ifẹ̀ fi àpáàdì tẹ́. Wọn kò tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ gbalaja. Etí rẹ̀ ni wọ́n fi gúnlẹ̀, tí wọ́n tò ó tẹ̀léra tẹ̀léra bí egungun ẹja. Ìtàn Ifẹ̀ sọ pé Lúwo, obìnrin tó jẹ Ọọ̀ni, ló ní kí wọ́n ṣe é, kí ẹrẹ̀ má baà kan òun lẹ́sẹ̀. Ọmọ mi ní, "Obìnrin jẹ Ọọ̀ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ojú ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn ń gbà kọjá la wà. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ etí àpáàdì náà jẹ́jẹ́, ó gbé àgbọ̀n sókè, ó sì ń yan bí ọba.

Ọmọ ẹ̀yìn mi pàápàá kò gbẹ́yìn. Ó rí orí amọ̀ kan nínú gíláàsì, irú èyí tí wọ́n fín ìlà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ sí lójú láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ó juwọ́ sí i. Nígbà tí orí náà kò dá a lóhùn, ó tún juwọ́.

Ṣé ẹ rí i pé ohun tí ọmọdé ń fẹ́ wà ní Ifẹ̀? Kò sí ohun tí a ní láti lọ gbé wá láti òkè òkun. Ohun kan ṣoṣo ló kù: kí ẹnì kan rántí pé ọmọdé ń bọ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀dùn ọkàn mi wà, mo sì tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Èkíní: ọ̀rọ̀ èdè. Ní ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló mú wa kiri. Ó múra dáadáa, ó sì ní ọ̀yàyà. Yorùbá ló fi kí wa káàbọ̀. Àmọ́ bó ṣe gbẹ́sẹ̀ wọlé báyìí, Gẹ̀ẹ́sì ló bọ́ sí, ó ń kà á bọ̀ láìmí, bí ọmọ iléèwé tó há ìwé sórí de ìdánwò. Ìtàn Mọ́remí, akọni obìnrin Ifẹ̀ àtijọ́, ló ń sọ. Ọkọ mi ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ ní Yorùbá nítorí àwọn ọmọ." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn nìyẹn. Ìgbà náà ni ọmọ mi obìnrin fà mí láṣọ: "Màmá, ṣé Gẹ̀ẹ́sì ni Mọ́remí máa ń sọ ni?"

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi dá a lóhùn. Àwọn ọmọ yìí gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, iléèwé ti rí sí ìyẹn. Èdè tí ìtàn náà fi ń mí ni wọn kò gbọ́ lọ́jọ́ yẹn. Oríkì kò sí níbẹ̀, orin kò sí níbẹ̀, àgbà tó ń ṣe "háà" kò sí níbẹ̀. Bí àlejò bá ti òkè òkun wá, ẹ fi Gẹ̀ẹ́sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹ má ṣe sọ ọmọ onílé di àlejò nínú ilé baba rẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ẹni tó bá fẹ́ mú ènìyàn kiri kọ́kọ́ béèrè pé, "Èdè wo ni ká sọ?" Ìbéèrè yìí kò ní ná ìjọba ní kọ́bọ̀.

Èkejì: bí a ṣe ń sọ ìtàn fún ọmọdé. Ìtàn Mọ́remí le létí ọmọ. Àwọn Ìgbò, ọ̀tá Ifẹ̀ ayé ìgbà náà, ń fi ìko bora, wọ́n ń wá kó Ifẹ̀ lẹ́rù àti lẹ́rú, àwọn ará ìlú sì rò pé iwin ni wọ́n. Mọ́remí jẹ́jẹ̀ẹ́ fún odò Ẹsìnmìrìn. Ó jẹ́ kí wọ́n mú òun lọ, ó di ìyàwó ọba wọn, ó mọ àṣírí wọn, ó sá padà wálé, ó ní ènìyàn bí ẹni ló wà nínú ìko náà, iná ni kí ẹ fi pàdé wọn. Ìgbà tí Ifẹ̀ ṣẹ́gun tán ni odò ní Olúorogbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ni òun yóò gbà. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin wa gé ìtàn náà sí. Wọ́n fi ọmọ náà rúbọ, ó tán, ẹ jẹ́ ká kọjá sí apá ibí.

Lóru ọjọ́ náà, ní ilé ìtura, ọmọ mi obìnrin kò sùn. Ó ní, "Màmá, tí odò bá ní kí ẹ mú èmi wá, ṣé ẹ máa mú mi lọ?"

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn náà mọ̀ pé kò parí síbẹ̀. Wọ́n ní Olúorogbo kò kú tán, pé ó jí, ó ta okùn, ó sì gba ojú okùn náà gòkè lọ sọ́run. Wọ́n ní àwọn ará Ifẹ̀ ṣèlérí fún Mọ́remí pé gbogbo àwọn ni yóò máa jẹ́ ọmọ rẹ̀ títí ayé. Apá tí ọmọ tí ẹ̀rù ń bà lóru nílò nìyẹn gan-an, òun náà ni wọ́n gé sọnù.

Ọjọ́ kejì ni a bá ìyá àgbà kan pàdé lábẹ́ igi, ẹ̀pà sísè ló ń tà. Àwọn ọmọ ra ẹ̀pà. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n ti rí ní Ifẹ̀, wọ́n ní Mọ́remí. Ó wo ojú wọn. "Ta ló sọ ọ́ fún yín? Ẹ jókòó." Ó sì sọ ọ́. Nígbà tó dé ibi tí àwọn Ìgbò ti ń bọ̀, ó mú ìgbálẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ̀n ọ́n wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀. Àbíkẹ́yìn mi fi ojú pamọ́ sí mi láyà. Nígbà tó kan iná, ó fi ṣùkù àgbàdo kan lé àkọ́bí mi lọ́wọ́, ó ní òguṣọ̀ nìyẹn, kó dìde kó lé wọn. Ọmọ lé wọn yí igi náà po. Nígbà tó dé orí Olúorogbo, màmá náà rẹ ohùn sílẹ̀, àmọ́ kò dúró. Ó sọ ọ́ dé orí okùn, ó sọ ọ́ dé ọ̀run. Ó wá fọwọ́ kan ọmọ mi obìnrin lórí, ó ní, "Gbogbo wa tó o rí yìí, ọmọ Mọ́remí ni wá." Ọmọ náà sùn fọnfọn lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ìyá yìí kò gbé káàdì kọ́rùn, kò sì gbà ju owó ẹ̀pà lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá irú wọn rí, kò sí àdúgbò tí wọn kò sí. Ẹ fún wọn ní àga lábẹ́ igi, ẹ fún wọn ní owó tó ṣe é mú relé, kí ẹ sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú ènìyàn kiri lọ jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ̀kẹta: ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti omi. Ẹ dárí jì mí pé mo ń sọ èyí ní gbangba. Ní ibì kan tí a ti sanwó wọlé, ìtọ̀ ń gbọ̀n ọmọ mi obìnrin. Mo béèrè ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wọ́n júwe yàrá kan, àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n ní ti òṣìṣẹ́ ni, pé ẹni tó mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti lọ sọ́jà. Ọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì wá fi ẹnu júwe ẹ̀yìn ògiri. Mo wo ògiri náà. Ara ohun tí a sanwó wá wò ni. Ṣé kí n ní kí ọmọ mi tọ̀ sára ohun tí mo mú un wá bọ̀wọ̀ fún?

A sáré wọ mọ́tò, a wá ilé epo lọ. Kí a tó débẹ̀, aṣọ rẹ̀ ti tutù. Ojú tì í débi pé kò fẹ́ bọ́ sílẹ̀ mọ́ ní gbogbo ibi tí a tún yà. Ọkọ mi àti àkọ́bí ń lọ wo nǹkan, èmi àtòun jókòó sínú mọ́tò. Ohun tí yóò rántí nípa ọ̀sán ọjọ́ náà nìyẹn, títí yóò fi dàgbà.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò tó iṣẹ́ kọngílá: yàrá kan tó ní ilẹ̀kùn, dúrọ́ọ̀mù omi kan tó ní ìdérí, ọṣẹ, àti bẹ́ǹṣì kan tí abiyamọ lè tẹ́ ọmọ sí pààrọ̀ ìlédìí. Kí kọ́kọ́rọ́ yàrá náà sì máa wà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbowó. Bí ẹni tó ń gbowó kò bá kúrò níbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ náà kò ní kúrò níbẹ̀.

Ẹ̀kẹrin: owó. N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ní ibì kan, iye tí wọ́n dá lé wa yàtọ̀ sí iye tí wọ́n gbà nígbà tí ọkọ mi ná an wálẹ̀. Ní ibòmíràn, lẹ́yìn owó ìwọlé, owó fọ́tò tún wà. Lẹ́yìn owó fọ́tò, owó "ẹ wá nǹkan fún wa" tún wà. Wọ́n ní kí a san ti ọmọ ẹ̀yìn mi pẹ̀lú, ẹni tó sùn lọ kí a tó wọlé, tí kò sì jí títí a fi jáde. Kì í ṣe owó náà ló dùn mí bí kò ṣe pé níwájú àwọn ọmọ ni bàbá wọn ti ń ná owó ilé baba ńlá wọn bí ẹni ń ra tòmátì. Ẹ kọ iye rẹ̀ sára pátákó. Ẹ kọ ti ọmọdé sọ́tọ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ ọwọ́ wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ẹni tó bá sanwó gba rìsíìtì. Ó tán.

Ẹ̀karùn-ún: ilẹ̀kùn títì. Ibi méjì ni a dé ní ọ̀sán gangan tí ilẹ̀kùn tì. Kò sí àkọlé tó sọ ìgbà tí wọ́n ń ṣí àti ìgbà tí wọ́n ń tì. Ní ọ̀kan nínú wọn, a dúró nínú oòrùn fún nǹkan bíi wákàtí kan nítorí ọmọkùnrin kan ní ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ "ti ń bọ̀". Kò dé. Àgbàlagbà lè dúró. Ẹ̀yin tí ẹ bímọ mọ ohun tí wákàtí kan nínú oòrùn ń ṣe fún ọmọ ọdún méjì. Ẹ jọ̀wọ́, kí kọ́kọ́rọ́ jẹ́ méjì lọ́wọ́ ènìyàn méjì. Kí nọ́ńbà fóònù tí ẹnì kan yóò gbé wà lẹ́nu géètì. Ní àsìkò ìsinmi iléèwé, nígbà tí àwọn ọmọ ní àyè, ẹ jẹ́ ká bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Ẹ̀kẹfà: "Ẹ má fọwọ́ kàn án." Mo fara mọ́ òfin yìí. Ohun àdáyébá kì í ṣe ohun ìṣeré. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ọmọdé fi ń ríran. Nígbà tó jẹ́ pé gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló jẹ́ èèwọ̀ fún ọwọ́ rẹ̀, ẹ fún un ní ohun kan tí kì í ṣe èèwọ̀.

Ẹ wo bí ohun tó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ní 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ni wọ́n bá kan àwọn orí idẹ tí gbogbo ayé ń kan sáárá sí dòní. Ẹni tó ṣe wọ́n fi ìda mọ orí náà lórí amọ̀, ó fi amọ̀ bo ìda, ó fi iná yọ́ ìda jáde, ó da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lè fi àbẹ́là àti amọ̀ mọ ìdajì iṣẹ́ yìí láàárín ọ̀sán kan, láìsí idẹ àti láìsí ewu. Ní Igbó Olókun, àwọn awalẹ̀pìtàn ti wú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlẹ̀kẹ̀ dígí jáde, pẹ̀lú àfọ́kù ìkòkò tí àwọn baba wa fi ń yọ́ dígí. Ọmọ ọdún mẹ́fà lè jókòó sin ìlẹ̀kẹ̀, kó sì mú èyí tó sin lọ sílé. Òkìtì àpáàdì kan àti ilẹ̀ rírọ̀ díẹ̀ ti tó fún ogún ọmọ láti gbìyànjú ilẹ̀ Lúwo, kí ọwọ́ wọn fi mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni. Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà nínú ìlú kan náà. Bí ẹ bá pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ láti wá jókòó ti àwọn ọmọ nígbà ìsinmi, n kò rò pé wọn yóò kọ̀.

Ohun kékeré kan kù, nípa àkọlé. Ère Mọ́remí tí Ọọ̀ni Adéyẹyè Ẹnitàn Ògúnwùsì gbé dúró ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42. Ó yẹ kí ọmọ gbé orí sẹ́yìn kó tó rí ojú rẹ̀. Àmọ́ àkọlé tó ń ṣàlàyé nǹkan kò yẹ kó ga ju orí ọmọ lọ. Lẹ́ẹ̀mẹta ni mo gbé èkejì sókè kó lè ka ohun tí wọ́n kọ, lẹ́ẹ̀mẹta náà ló jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì wínníwínní ló bá lókè.

Ẹ̀yin àgbà, mo ti tọrọ tán. Ó kù díẹ̀ tí mo fẹ́ sọ, kò sì ní dùn tó ti ìṣáájú. Ẹ forí jì mí.

Àwọn àgbà ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. A máa ń pa òwe yìí nígbà tí a bá ń bá ọmọ wí, a kì í sì í rí i pé ẹni tí kò kọ́ ọmọ ni òwe náà ń bá wí. Ẹ wo ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí ilé wa rí: ní 1910, Leo Frobenius ará Jámánì dé Ifẹ̀. Ó rí orí tí wọ́n ń pè ní Orí Olókun, kò sì gbà pé ọwọ́ àwọn baba wa ló ṣe é. Ó ní àwọn ará Atlantis inú ìtàn àwọn Gíríìkì ló ni ín. Lára àwọn orí Wúnmọníjẹ̀ tí wọ́n rí ní 1938, ọ̀kan ti wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tó fi máa di 1939, ibẹ̀ ló sì wà di òní. Nígbà yẹn, a lè sọ pé àwọn òyìnbó ló ń ṣàkóso wa. Lọ́la ńkọ́? Ọmọ tí wọ́n fi ẹ̀yìn ògiri hàn láti tọ̀ sí, ṣé òun la fẹ́ kó dìde gbèjà ògiri náà? Ọmọ tí kò gbọ́ ìtàn Mọ́remí dé òpin, kí ni yóò sọ nígbà tí ẹlòmíràn bá bá a parí rẹ̀ bó ṣe wù ú?

Ẹ má sì gbàgbé pé àwa òbí náà ní ẹsẹ̀. Owó tí a fi lọ sí Ifẹ̀ lè gbé wa dé ibi omi ìlúwẹ̀ẹ́ àti ibi eré ọmọdé l'Ékòó, níbi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti mọ́, tí ẹni tó wà lẹ́nu géètì ń rẹ́rìn-ín sí ọmọ, tí ọmọ sì ń sunkún nígbà tí a bá ní ó tó àkókò láti lọ sílé. Ọ̀pọ̀ ọ̀rẹ́ mi ti yan ibẹ̀. Wọ́n ní kí ni mò ń wá lọ síbi òkúta? N kò tí ì dá wọn lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá wà bó ṣe wà, n kò ní rí èsì fún wọn, ẹ̀yin náà kò sì ní rí ọmọdé lẹ́nu géètì yín àfi èyí tí iléèwé bá fi bọ́ọ̀sì kó wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ óò máa ṣọ́ ohun tí kò sí ẹni tó bìkítà bóyá ó wà tàbí kò sí.

A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Nígbà tí ẹ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọdé, tí ẹ bá fi èdè tí kì í ṣe tirẹ̀ kí i káàbọ̀, ọwọ́ òsì lẹ fi ń júwe ilé fún un. Ọwọ́ ọ̀tún kò wọ́n. Ìyá elẹ́pà fi ìgbálẹ̀ àti ṣùkù àgbàdo júwe rẹ̀, àwọn ọmọ sì mọ ọ̀nà.

Ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ bá ka lẹ́tà yìí, ẹ má tìtorí rẹ̀ jókòó sílé. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ. Ẹ mú omi dání, ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, kí ẹ sì béèrè Yorùbá pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí ọ̀pọ̀ wa bá ń béèrè, wọn yóò gbọ́.

Ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ mìíràn ń bọ̀. A ti ń tọ́jú owó sí i. Àkọ́bí mi ní òun kò tí ì ka ìṣó ara Ọ̀pá Ọ̀rányàn tán, 41 lòun kà á dé. Àwa ń bọ̀ o. Ẹ jẹ́ ká bá ilẹ̀kùn ní ṣíṣí.

Èmi ni tiyín pẹ̀lú ọ̀wọ̀,

Ìyá ọmọ mẹ́ta, oníṣòwò aṣọ,
Ìbàdàn.